Ọṣẹ Olómi Tí Bakitéríà Ṣe: Ó Fọ Abọ́ Mọ́, Ṣùgbọ́n Òróró Wo Ló Jẹ?

Ọṣẹ ìfọbọ́ olómi kan wà lórí àtẹ báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní irú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí oníbàárà ti máa ń gbé ìgò tirẹ̀ lọ kí wọ́n lè rọ ọjà sí i. Wọ́n ń polówó rẹ̀ pé èròjà ìfọdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ kò ti inú epo rọ̀bì wá, pé bakitéríà ló ṣe é. Mo rà á, mo sì ti ń fi í fọ abọ́, ìkòkò àti páànù nílé mi láti ìgbà òtútù. Ìdájọ́ mi kò ṣòroó sọ: ó ń fọ abọ́ mọ́ dáadáa, kì í bó awọ ọwọ́, owó rẹ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sì kọ sára pátákó ìpolówó rẹ̀ kò bá ohun tó wà nínú ìgò mu. N kò ní dárúkọ ẹni tó ń tà á tàbí ẹni tó ń pò ó, nítorí pé èròjà kan náà ni oríṣiríṣi iléeṣẹ́ ń rà sínú ọṣẹ tiwọn, ohun tí mo bá sì sọ nípa ọ̀kan lè bá èkejì náà wí.

Pátákó tó wà níwájú ike ńlá tí wọ́n ti ń rọ ọṣẹ náà sọ pé òróró tí àwọn ilé oúnjẹ ti fi dín nǹkan tán ni bakitéríà sọ di ọṣẹ. Lára ìgò, níbi tí wọ́n to èròjà rẹ̀ sí, mo bá omi, èròjà kan tí wọ́n fi ṣúgà àti òróró àgbọn ṣe, iyọ̀, òórùn ọsàn, èròjà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́, àti ohun kan tí wọ́n pè ní glycolipids. Èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni ọmọ bakitéríà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí ni rhamnolipid, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lára ìgò tó sọ ohun tí bakitéríà náà jẹ kí ó tó ṣe é.

Fún àwa tí a mọ ọṣẹ dúdú, pé òróró di ọṣẹ kì í ṣe ìròyìn. Ó pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń fi omi eérú èèpo kókó se àdín tàbí epo pupa títí yóò fi di ọṣẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn. Níbẹ̀, agbára eérú àti iná ló ń tú òróró palẹ̀. Nínú iṣẹ́ bakitéríà, kò sí eérú, kò sí iná: oúnjẹ ni òróró jẹ́ fún un. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni Pseudomonas aeruginosa. Bí ó bá bá òróró pàdé nínú omi, yóò tú èròjà kan jáde tí ń jẹ́ lipase, tí yóò gé òróró náà sí ásíìdì ọ̀rá àti glycerol, yóò sì gbé wọn mì. Ó ń sun apá kan nínú wọn fún agbára, ó ń fi apá kan kọ́ ara rẹ̀, ó sì ń so ìyókù mọ́ ṣúgà kan tí ń jẹ́ rhamnose, ẹyọ kan tàbí méjì. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde ní orí tí ó jẹ́ ṣúgà, tí ó fẹ́ràn omi, àti ìrù tí ó jẹ́ ọ̀rá, tí ó fẹ́ràn òróró. Ó wá ń ṣe bí alágbàtà láàárín àwọn méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í kúkú ṣe nítorí abọ́ tiwa ni bakitéríà ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó òróró tó léfòó lójú omi bí kò bá kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ọdún 1949 ni àwọn onímọ̀ méjì, Jarvis àti Johnson, ti ṣàpèjúwe bí èròjà yìí ṣe rí, nítorí náà kì í ṣe ohun àwárí àná. Agbára rẹ̀ ṣeé wọ̀n. Ojú omi ní ìfà kan tí omi fi ń dì mọ́ ara rẹ̀, òun ló ń mú kí ìkán omi rí róbótó lórí ewé kókò dípò kí ó tẹ́. Tí a bá wọ̀n ọ́n ní milliNewton fún mítà kan, ìfà omi lásán jẹ́ 72. Rhamnolipid díẹ̀ lè fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 28 sí 30. Bí ìfà náà bá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi yóò lè ráyè wọ abẹ́ ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ abọ́, yóò sì ṣí i nídìí.

Ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mo kọ́kọ́ gbé fún un. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí òtútù ti ń mú mọ̀ pé epo pupa kì í pẹ́ dì níbẹ̀. Bí ìkòkò bá ti tutù, epo á dì gbagidi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ta irú ọṣẹ yìí fẹ́ràn láti máa sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú omi tútù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún òróró ẹ̀pà àti èyí tí kì í dì, mo sì rí i pé abọ́ tí a fi jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí a fi òróró sè mọ́ nínú omi tútù láìsí wàhálà. Fún epo pupa, omi gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí ọ̀nà àbùjá. Nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tán, ọṣẹ yìí ju èyí tí mo ń rà tẹ́lẹ̀ ní ọjà ńlá lọ lọ́nà kan tó hàn kedere: epo tó bá ti ṣí kúrò lára ìkòkò kì í padà lẹ̀ mọ́ ara síńkì. Ó ń fọ́nká sínú omi, ó sì ń bá omi lọ, kì í fi òrùka pupa tí à ń padà wá fọ sílẹ̀.

Omi Lọ́ńdọ̀nù ní ẹfun púpọ̀ nínú. Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ dúdú fọ nǹkan níbẹ̀ yóò ti rí èérí funfun tó máa ń léfòó, tí ń lẹ̀ mọ́ ife àti báàfù, nítorí pé ẹfun inú omi ń gbá ọṣẹ mú kí ó tó ráyè ṣiṣẹ́. Ọṣẹ olómi yìí kò ní ìṣòro yẹn. Ife mi ń dán bí mo bá ti ṣan wọ́n tán, mi ò sì nílò láti tún fi aṣọ nù wọ́n.

Ohun méjì ni kò lè ṣe. Ike tí mo máa ń kó ọbẹ̀ ata sí nínú fíríìjì kò yọ̀ lọ́wọ́ mọ́ lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, èyí tó fi hàn pé ọ̀rá ti kúrò, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa rẹ̀ wà síbẹ̀. Àwọ̀ epo ti wọnú ike lọ, kò sí ọṣẹ tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o níbẹ̀; oòrùn ojú fèrèsé nìkan ló ń mú un ṣá díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni páànù tí mo fi ń dín dòdò. Etí rẹ̀ ní ìpele dúdú kan tí òróró gbígbóná ti dì sí, tí kì í ṣe òróró mọ́, tó ti fẹ́ di ike fúnra rẹ̀. Kànìnkànìn onírin àti agbára apá ni oògùn ìyẹn.

Ìhó rẹ̀ ni yóò pín àwọn oníbàárà wa sí méjì. Ó ń hó, ìhó náà sì wẹ́, ó funfun, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ti pọ̀ nínú omi, kì í pẹ́ tí yóò fi lọ sílẹ̀. Àǹtí mi tí wọ́n bá wa fọ abọ́ lẹ́yìn àsè kan ní ọṣẹ náà kò lágbára, wọ́n sì ń rọ ọ́ sí i ṣáá nítorí pé wọn kò rí ìhó. Abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ ti mọ́ ṣáájú ìgbà náà. A ti mọ́ra pẹ̀lú ọṣẹ tí ìhó rẹ̀ kún síńkì dé etí, ó sì lè gba àkókò kí ojú tó gbà pé kì í ṣe ìhó ló ń fọ abọ́. Ohun tí mo lè dá ẹni tó pò ó lẹ́bi fún ni pé ọṣẹ náà ṣàn jù. Bí ẹnu ìgò bá fẹ̀, ohun tó yẹ kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan á dà sínú síńkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ìgò tí ẹnu rẹ̀ kéré, tàbí kí ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀ nínú abọ́ kékeré kí ẹ máa ki kànìnkànìn bọ̀ ọ́.

Ní ti ọwọ́, mi ò ní àròyé. Awọ ọwọ́ mi máa ń gbẹ, a sì máa là nígbà òtútù bí mo bá ń fọ abọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́. Pẹ̀lú ọṣẹ yìí, ìyẹn dínkù. Òórùn ọsàn ló ń kọ́kọ́ ta síni nímú, ṣùgbọ́n bí a bá fi imú sún mọ́ ọn, òórùn ohun tó ti kan díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò burú, kì í sì í wà lára abọ́.

Mo wá kọ̀wé sí ẹni tó ń pò ó láti béèrè nípa pátákó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́: rhamnolipid tí òun ń rà, ṣúgà tí wọ́n fà jáde láti inú àgbàdo ni bakitéríà fi ṣe é. Kò sí òróró àlòkù nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ pátákó ló ka nǹkan kan nípa iṣẹ́ ìwádìí, tó sì so ó mọ́ ọjà tó wà níwájú rẹ̀.

Mi ò lè sọ pé ìtàn tí ó kọ náà jẹ́ irọ́, nítorí pé bakitéríà ń jẹ òróró àlòkù lóòótọ́, ó sì ń fi ṣe rhamnolipid. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Barcelona ní Sípéènì gbé àbájáde kan jáde tí wọ́n fi òróró ólífì àti òróró sunflower tí wọ́n ti fi dín nǹkan bọ́ oríṣiríṣi bakitéríà. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú wọn, Pseudomonas kan tí wọ́n pè ní 47T2, mú nǹkan bíi gíráàmù 2.7 rhamnolipid jáde nínú lítà omi kan. Iye yẹn kéré fún oníṣòwò, ó sì tó fún onímọ̀ láti mọ̀ pé ọ̀nà wà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí káàkiri ayé ti tẹ̀ lé ipa yẹn, pẹ̀lú òróró àgbàdo, òróró sóyà àti epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti dín nǹkan nínú wọn.

Kí ló dé, nígbà náà, tí ìgò mi fi jẹ́ ti àgbàdo? Ìdí àkọ́kọ́ ni bakitéríà fúnra rẹ̀. Pseudomonas aeruginosa ń ṣe ènìyàn ní àìsàn. Ó máa ń kó bá àwọn aláìsàn ní ọsibítù, nínú egbò iná àti nínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn púpọ̀ kì í sì í ràn án. Kò sí iléeṣẹ́ tí yóò fẹ́ gbin ín sínú àgbá ńlá fún ọṣẹ ìfọbọ́ bí ó bá lè yẹra fún un. Ohun tí àwọn kan ṣe ni pé wọ́n mú àbùdá tí ń ṣe rhamnolipid kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú ìbátan rẹ̀ kan tí kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, Pseudomonas putida. Ìbátan yìí máa ń dàgbà dáadáa lórí ṣúgà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àgbàdo ti wọlé. Kí ẹ̀rù má ba òǹkàwé: bí iṣẹ́ bá parí, wọn a pa bakitéríà náà, wọn a sì yọ ọ́ kúrò, èròjà tó ṣe nìkan ló ń dé inú ìgò. Rhamnolipid fúnra rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìyẹ̀wò tipẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2004 gẹ́gẹ́ bí oògùn tí a lè fọ́n sára ohun ọ̀gbìn láti dènà olú tí ń ba irè jẹ́.

Òróró àlòkù ní wàhálà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ṣúgà àgbàdo tí wọ́n rà lónìí kò yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá. Òróró ilé oúnjẹ kan lè kún fún iyọ̀ àti èérún ìyẹ̀fun, ti èkejì lè ti gbóná títí tó fi ṣú, tí omi ẹja sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ, kí wọ́n yọ omi rẹ̀, kí wọ́n sì mọ irú ásíìdì ọ̀rá tó kù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ bakitéríà. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tó le jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: yíyọ rhamnolipid kúrò nínú omi tí bakitéríà gbé. Wọ́n máa ń fi ásíìdì sí omi náà títí yóò fi kan gan-an, kí rhamnolipid lè dì kí ó sì rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó tún fi èròjà mìíràn fọ̀ ọ́. Bí òróró tí bakitéríà kò jẹ tán bá ṣẹ́kù, òun náà yóò bá a rọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú òórùn àkàrà àná. Ìpele yìí ló ń kó owó iṣẹ́ náà lọ jù. Kí á má tíì sọ ti ìhó: bakitéríà nílò afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tó ti di omi ọṣẹ, ìhó náà a sì máa gun àgbá jáde bí wọn kò bá ṣọ́ ọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa “pàǹtírí” kì í rántí. Ní Yúróòpù, òróró àlòkù kì í ṣe pàǹtírí mọ́. Àwọn tó ń ṣe epo dísù láti inú òróró ń rà á lọ́wọ́ àwọn ilé oúnjẹ, owó gidi ni wọ́n sì ń san. Ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́ bakitéríà yóò bá wọn du ú lọ́jà. Nílé wa nìyí, alákàrà kì í tètè da òróró nù. Wọ́n máa ń da tuntun lé ti àná ni, tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ ẹni tí yóò gba àlòkù rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìfún wọn ní tuntun dípò.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti yan ọ̀nà ṣúgà. Evonik ti Jámánì, tó bá Unilever ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí wọ́n gbé rhamnolipid sínú ọṣẹ ìfọbọ́ Quix ní orílẹ̀-èdè Chile ní ọdún 2019, ti parí ilé iṣẹ́ ńlá kan fún un ní Slovenská Ľupča ní Slofákíà, ṣúgà àgbàdo sì ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àgbàdo sàn ju epo rọ̀bì lọ, bakitéríà kò sì nílò iná ńlá láti ṣiṣẹ́. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n máa ta àgbàdo fún wa ní orúkọ òróró àlòkù, nítorí pé orúkọ yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà láti san iye tí wọ́n ń béèrè.

Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọṣẹ olómi inú ọjà ńlá. Bí ẹ bá ń fọ abọ́ ènìyàn mẹ́fà lójúmọ́, tí ẹ sì fẹ́ràn ìhó, ẹ kò ní gbádùn rẹ̀. Bí awọ ọwọ́ yín bá máa ń là, tàbí tí omi àdúgbò yín ní ẹfun púpọ̀, mo rò pé owó náà tọ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò, ẹ má ka pátákó. Bí ẹ bá rí glycolipids, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ bakitéríà. Bí ẹ bá rí Candida bombicola, ìwúkàrà kan ló ṣe tiẹ̀, kì í ṣe bakitéríà. Òun náà ń fọ ọ̀rá mọ́, ìhó rẹ̀ sì kéré sí ti èyí. Bí ìgò bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ òróró àlòkù, ẹ kọ̀wé béèrè ibi tí wọ́n ti kó òróró náà.

Òróró tó wà nínú páànù yín ńkọ́? Ọṣẹ yìí lè tàn yín láti rò pé ohun tó lè fọ́ epo sí wẹ́wẹ́ báyìí yóò jẹ́ kí ẹ lè da àjẹkù òróró sínú síńkì. Ẹ má dán an wò. Epo tó fọ́nká nínú omi gbígbóná yóò tún pa dà dì níwájú, nínú páìpù tó tutù. Ní ọdún 2017, lábẹ́ ilẹ̀ Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n bá òkìtì ọ̀rá àti ìnujú kan tí ó gùn tó mítà 250, tí ó sì wọn tọ́ọ̀nù 130, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí òróró tutù, ẹ dà á sínú ìgò, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí káńsù àdúgbò yín ti ń gba òróró àlòkù.

Èmi yóò tún ra ọṣẹ náà, ìgò kékeré, fún ìgbà òtútù àti fún ìkòkò epo pupa. Ní ìgbà ooru, èyí tó wà lọ́jà ńlá tó mi.